Ohun Tí AI Ń Kà Kó Tó Ṣí Fáìlì Òṣìṣẹ́

Ká ní ọ̀gá kan ní ẹ̀ka ètò òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tẹ ìbéèrè yìí sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀: “Ọjọ́ wo ni Adébáyọ̀ wọ iṣẹ́?” Ìbéèrè kékeré ni lójú ẹni tó bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti fáìlì rí mọ̀ pé ìbéèrè mẹ́ta ló kó sínú ẹyọ kan. Adébáyọ̀ wo? Iṣẹ́ wo, ti àkọ́kọ́ ni àbí ti ipò tó wà báyìí? Ìwọ tó ń béèrè ńkọ́, ṣé ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ akọ̀wé ni wọ́n rán sí yàrá fáìlì, á yíjú padà béèrè. Bó bá jẹ́ AI ni wọ́n fi sídìí iṣẹ́ náà, bóyá yóò béèrè tàbí kò ní béèrè, ọwọ́ gbólóhùn mélòó kan tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀ ló wà. Àwọn gbólóhùn yẹn ni à ń pè ní àpèjúwe irinṣẹ́.

ChatGPT, Claude, Gemini, kò sí èyí tó mọ òṣìṣẹ́ yín kankan nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn kò ní fáìlì ilé iṣẹ́ yín nínú. Kí AI tó lè dé ibẹ̀, àfi kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún un ní irinṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni OpenAI ṣí irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi AI rẹ̀ kọ ètò, wọ́n pè é ní function calling. Anthropic àti Google náà ní tiwọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ Model Context Protocol, èyí tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní MCP, kí irinṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe lẹ́ẹ̀kan lè bá AI oríṣiríṣi ṣiṣẹ́. Orúkọ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Nǹkan mẹ́ta la máa ń kọ fún AI nípa irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀, àti àwọn àlàfo tó gbọ́dọ̀ kún, bí ìgbà tí èèyàn ń kún fọ́ọ̀mù ní báǹkì. Bí ìbéèrè bá dé, AI á ka gbogbo rẹ̀, á mú irinṣẹ́ tó rò pé ó yẹ, á kún àlàfo, á sì gbé fọ́ọ̀mù náà fún ètò tiyín. AI fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan àkọsílẹ̀. Ètò yín ló ń wọ ibẹ̀ lọ, òun ló ń mú èsì bọ̀, òun ló ń gbé e fún AI, kí AI tó wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá olùbéèrè lóhùn.

Nítorí náà, AI kò rí inú ètò yín rárá. Ohun tí ẹ kọ nípa ètò náà nìkan ló rí. Ẹni tó kọ ètò mọ̀ pé orúkọ ni irinṣẹ́ òun fi ń wá èèyàn, ó mọ̀ pé àwọn tó ti fẹ̀yìntì kò sí níbi tó ti ń wá wọn, ó sì mọ̀ pé èsì kì í ju ogún lọ. Torí pé ó mọ̀ ọ́n tán, kì í rántí kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹ ó bá níwájú irinṣẹ́ tó ń jẹ́ search_employee ni gbólóhùn kan ṣoṣo: “Ó ń wá òṣìṣẹ́.”

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. AI náà máa ń sọ ààbọ̀ di odidi, wàhálà rẹ̀ sì nìyẹn. Ibi tí o kò bá sọ̀rọ̀ dé, yóò fi ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ dí i, kò sì ní sọ fún ọ pé òun dí nǹkan kan. Bí Adébáyọ̀ márùn-ún bá jáde, ó lè mú ẹni àkọ́kọ́. Bí irinṣẹ́ kò bá mú ọjọ́ kankan bọ̀, ó lè lọ fi irinṣẹ́ mìíràn tí kò yẹ wá a. Lẹ́yìn náà àwọn èèyàn á ní AI ò ní làákàyè. Ní tèmi, kí wọ́n tó dá AI lẹ́bi, kí wọ́n kọ́kọ́ ka gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tún un kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ àpèjúwe irinṣẹ́ wọn, Yorùbá ni màá fi kọ tèmi níbí:

“Lo irinṣẹ́ yìí nígbà tí o mọ orúkọ òṣìṣẹ́ ṣùgbọ́n tí o kò mọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gba odidi orúkọ tàbí apá kan nínú rẹ̀. Ó ń mú nọ́ńbà iṣẹ́, orúkọ ní kíkún, ẹ̀ka àti ipò bọ̀, fún èèyàn tí kò ju 20 lọ. Kò mú ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́, owó oṣù tàbí àdírẹ́sì bọ̀. Fún ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́, lo get_employee_record lẹ́yìn tí o bá ti rí nọ́ńbà iṣẹ́. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí nìkan ló wà níbí, àwọn tó ti fẹ̀yìntì kò sí. Bí èèyàn tó jáde bá ju ẹyọ kan lọ, má ṣe yan ẹnì kankan fúnra rẹ. To ẹ̀ka àti ipò wọn fún olùbéèrè kó tọ́ka sí ẹni tó ń wí.”

Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò sọ ohun tí irinṣẹ́ jẹ́, ìgbà tí à ń lò ó ló sọ. Ìyẹn ló wúlò fún AI jù, torí pé yíyàn ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ tún wo iye ìgbà tí “kò” jáde nínú àpèjúwe náà. Àwọn tó ń kọ ètò fẹ́ràn láti máa ròyìn ohun tí irinṣẹ́ wọn lè ṣe, ojú sì máa ń tì wọ́n láti kọ ohun tí kò lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ ohun tí kò lè ṣe ni AI kò ní ọ̀nà mìíràn láti fi mọ̀. Gbólóhùn tó tọ́ka sí get_employee_record náà ṣe pàtàkì: ó so irinṣẹ́ méjì pọ̀, AI sì mọ èyí tó ń ṣáájú.

Àwọn àlàfo wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù nílẹ̀ wa, orúkọ ló sì kọ́kọ́ ń dá a sílẹ̀. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi èrò òyìnbó ṣe máa ń ní àlàfo méjì, first_name àti last_name. Nínú fáìlì tiwa, orúkọ ìdílé ló sábà máa ń ṣáájú. Ẹni tó ń béèrè lè má tilẹ̀ dárúkọ tó wà nínú ìwé: “Ìyá Ìbejì ti àkáǹtì,” “Alhaji tó wà ní stóò.” Obìnrin tó lọ́kọ lẹ́yìn tó ti wọ iṣẹ́ lè ní orúkọ kan nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kó sì ní òmíràn nínú lẹ́tà ìgbéga. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè wà ní ilé iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú orúkọ ìdílé kan náà àti ọjọ́ ìbí kan náà. Àlàfo kan ṣoṣo fún orúkọ ló dára jù, kí àpèjúwe rẹ̀ sì sọ ọ́ báyìí: “Kọ orúkọ bí olùbéèrè ṣe pè é. Yọ oyè bí Alhaji, Chief, Mrs àti Dókítà kúrò. Èyí tó bá wù kó ṣáájú nínú orúkọ ẹni àti orúkọ ìdílé, kò ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìnagijẹ nìkan ni olùbéèrè mọ̀, béèrè orúkọ gan-an kí o tó wá a.”

Àmì ohùn tún ń bẹ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà ọ́ lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, kó fi ti òkè kún un. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ó tó ti ní ti òkè, kó fi ti ìsàlẹ̀ kún un. Lójú wa wọn kò yàtọ̀, lójú kọ̀ǹpútà ohun méjì ni wọ́n. Bí AI bá kọ Adébáyọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, tí ìwé sì ní ADEBAYO, ètò lè ní òun kò rí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan á tètè kọ ọ́ sínú àpèjúwe pé kí AI má fi àmì sí orúkọ. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kí ètò fúnra rẹ̀ yọ àmì kúrò ní ìhà méjèèjì kó tó fi wọ́n wéra, kí AI máa kọ orúkọ bó ṣe wù ú. Ohun tí ètò lè ṣe láìkùnà lójoojúmọ́, kí ló dé tí a ó máa fi bẹ AI?

Nọ́ńbà náà ní tirẹ̀. NIN ní díjíìtì 11. BVN ní 11. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, 11 náà ni. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì jẹ́ 10, nọ́ńbà àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà PEN tí díjíìtì 12 tẹ̀lé. Gbogbo wọn ló máa ń wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́ kan. Wàyí o, ẹ wo irinṣẹ́ tó ní àlàfo kan tó ń jẹ́ id_number, tí àpèjúwe rẹ̀ kò ju “nọ́ńbà òṣìṣẹ́” lọ. Olùbéèrè lẹ díjíìtì 11 mọ́ ọn, AI tì í wọlé, ètò ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Ká pè é ní staff_number, ká sì kọ: “Nọ́ńbà iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ wa fún òṣìṣẹ́, díjíìtì 6, àpẹẹrẹ 004512. Kì í ṣe NIN, kì í ṣe BVN, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù.” Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo yẹn ń ṣe ju àlàyé gígùn lọ. Ẹ sì rí òdo méjì tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe àlàfo náà bá kọ ọ́ pé òǹkà ni ohun tó ń gba, 004512 á di 4512, torí pé JSON, èdè tí wọ́n fi ń kún fọ́ọ̀mù yìí, kì í gba òdo sí iwájú òǹkà. Ọ̀rọ̀ ni ká pè é, ká má pè é ní òǹkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díjíìtì ló kún inú rẹ̀.

Ọjọ́ ló wá léwu jù. Ẹ padà sí ìbéèrè tí ọ̀gá yẹn bi. Nínú fáìlì òṣìṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ wà, ọjọ́ tí wọ́n kọ́nfáàmù rẹ̀ wà, ọjọ́ tó dé ipò tó wà báyìí náà wà. Bí irinṣẹ́ bá mú ọjọ́ kan bọ̀ tó pè é ní hire_date, èwo ni? Ìlànà iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ yóò fẹ̀yìntì nígbà tó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí nígbà tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ka 35 náà. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1993, tó sì dé ipò tó wà báyìí ní ọdún 2015, ọdún 2028 ni ọdún 35 rẹ̀ pé. Bí AI bá ka ti 2015, á kọ 2050 síwájú ọ̀gá, láìtijú. Ní ti olùkọ́, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 ti sọ ọ́ di 65 ọdún tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé olùkọ́ yàtọ̀ á fi ìṣírò kan náà pa gbogbo wọn pọ̀.

Fún irú nǹkan báyìí, ohun méjì ló yẹ. Kí orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn kedere nínú èsì, first_appointment_date, confirmation_date, present_appointment_date, kí àpèjúwe sì sọ èyí tí à ń lò fún kí ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi ìṣírò ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún AI. Ẹ ṣe irinṣẹ́ mìíràn tó ń mú ọjọ́ ìfẹ̀yìntì gan-an bọ̀, kí ẹ kọ sí àpèjúwe get_employee_record pé: “Má fi ọjọ́ wọ̀nyí ṣírò ìfẹ̀yìntì, lo get_retirement_date.” Bí a ṣe ń kọ ọjọ́ náà tún wà níbẹ̀. 03/04/1993 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin fún wa, ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn: 1993-04-03.

Ìdáhùn òfo ló ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo èyí lọ. Irinṣẹ́ wá èèyàn, kò rí i, ó mú òfo bọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti fẹ̀yìntì. Ó lè jẹ́ pé olùbéèrè kò láṣẹ láti wo ẹ̀ka yẹn, tàbí kí íntánẹ́ẹ̀tì ti já láàárín méjì. Bí òfo kan náà bá dúró fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí AI máa sọ ni pé “Kò sí òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yìí.” Gbólóhùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2007 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ IPPIS, ètò tó kó àkọsílẹ̀ àti owó oṣù òṣìṣẹ́ sójú kan, ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú àwọn ayédèrú òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù láìsí lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà máa ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, “kò sí lórí ìwé” lè dá owó oṣù oníyàwó, ọlọ́mọ dúró.

Kí èsì yàtọ̀ síra nígbà náà: NOT_FOUND, RETIRED, NO_PERMISSION, SYSTEM_ERROR. Kí àpèjúwe sì sọ ohun tí AI máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ. “Bí èsì bá jẹ́ NOT_FOUND, sọ pé o kò rí orúkọ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí o sì ní kí olùbéèrè gbìyànjú nọ́ńbà iṣẹ́. Má sọ pé ẹni náà kì í ṣe òṣìṣẹ́.” Ní ti RETIRED, ẹ rántí pé àpèjúwe àkọ́kọ́ tí mo kọ lókè kò tíì mọ̀ ọ́n; bí ètò bá yí padà, àpèjúwe gbọ́dọ̀ yí tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í rántí. Ètò á ti lọ síwájú ní ọdún méjì, àpèjúwe á ṣì wà níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ wá kù. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sínú àpèjúwe pé: “Má fi owó oṣù han ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá.” Kó wà níbẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ owó oṣù ẹnìkejì rẹ̀ á kàn tẹ̀ ẹ́ pé òun ni ọ̀gá àgbà àti pé òun ń kánjú, AI sì lè gbà á gbọ́. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni irinṣẹ́ tó ní àlàfo requester_id, tí wọ́n ní kí AI fi nọ́ńbà ẹni tó ń béèrè kún. Kò yẹ kí AI jẹ́ ẹlẹ́rìí lórí ẹni tó ń béèrè. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí onítọ̀hún fi wọlé ló yẹ kó sọ ẹni tó jẹ́, kí ètò fúnra rẹ̀ fi í kún un níbi tí ọwọ́ AI kò tó. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, béèrè pé kí dátà tí à ń lò má ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ, ó sì ka ìlera, ẹ̀sìn àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí èèyàn wà mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra púpọ̀. Ẹni tó ń wá nọ́ńbà tẹlifóònù ọ́fíìsì kò nílò ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Kí irinṣẹ́ má wulẹ̀ mú un bọ̀.

Ní ti gígùn, àpèjúwe gbogbo irinṣẹ́ ló sábà máa ń bá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ AI, owó sì ni, torí pé wọ́n ń gbowó lórí iye ọ̀rọ̀ tó wọlé. Síbẹ̀, kí ẹ má torí ìyẹn kọ ọ́ ní ṣókí jù. Ìwé ìtọ́sọ́nà Anthropic dámọ̀ràn gbólóhùn mẹ́ta sí mẹ́rin, ó kéré tán, fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó yẹ ká ti dín in kù ni iye irinṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ní search_employee, find_staff àti get_employee_info, tí gbogbo wọn ń ṣe iṣẹ́ tó jọra, ń fi AI sínú ìdààmú tí àpèjúwe kankan kò lè wò sàn. Kí wọ́n sọ wọ́n di ọ̀kan.

OpenAI ní ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tiwọn: bí ẹ bá gbé àpèjúwe yìí nìkan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ṣé ó lè lo irinṣẹ́ náà láìṣìṣe? Ìdáhùn sí ohun tó bá béèrè lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ kún un. Ní ti tiwa níbí, màá fẹ́ kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn pẹ̀lú, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú fáìlì. Ẹni tó kọ ètò mọ bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ló mọ̀ pé ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ, òun ló mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ yí padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ní irú irinṣẹ́ yìí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tẹ àpèjúwe rẹ̀ sórí ìwé lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ gbé e lọ sí yàrá fáìlì, kí ẹ sì mú bírò dání.